Níbo Ni Wọ́n So Ẹrù Náà Mọ́?

Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn, orúkọ àti òwe ni mo sábà máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti fi oko mi sílẹ̀ lọ roko olóko. Ọ̀rọ̀ náà kan èdè, ó sì kan ẹ̀mí ènìyàn. Mo fẹ́ sọ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń so májèlé mọ́ ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀, kí ó lè lọ bá àrùn jẹjẹrẹ nílé, àti ìdí tí ibi tí wọ́n so ó mọ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa nínú ẹbí ń pè ní Màmá Ewékorò, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi. Ó lé ní ogún ọdún tí Màmá ti ń ta oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Láti 1960 tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọkọ̀ ńlá ti ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ ní ojú ọ̀nà náà. Ní 2023, àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ wà ní ọyàn Màmá. Wọ́n gba oògùn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ ẹran tí wọ́n gé wò, àjẹkù àrùn ṣì wà nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ọmọ Màmá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀. Dókítà ní oògùn kan wà tí wọ́n so mọ́ antibody, Màmá sì ní àwọn ò gbà."

Ẹnì kan ní ilé ìwòsàn kan ló ti sọ fún Màmá, lórí ìdúró, láàárín ìṣẹ́jú kan, pé májèlé ni wọn yóò fà sí wọn lára láti fi pa àrùn náà. Òótọ́ ni ẹni náà sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí a gé lórí tí a sì gé nírù, ẹ̀rù nìkan ló kù nínú rẹ̀. Màmá wá sílé, wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ pé bí àwọn yóò bá kú, kì í ṣe májèlé ni yóò pa àwọn.

Ìdí tí wọ́n fi pè mí kò ṣòro. Dókítà ni gbogbo ẹbí ń pè mí. Dókítà ọ̀rọ̀ ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n ní àárín tiwa, ẹni tó ń yẹ ohùn orí fáwẹ̀lì wò ni wọ́n tún ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wá bá. Mo ka ohun tí mo rí kà, mo sì jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní yunifásítì wa títí ọ̀rọ̀ náà fi yé mi. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo gba Ewékorò lọ.

Màmá gbọ́ mi títí mo fi dé ibi tí mo ti sọ pé wọ́n so májèlé náà mọ́ ohun kan tó mọ ilé àrùn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní: "Ó tó báyìí. Níbo ni wọ́n so ó mọ́? Kí ni kò ní jẹ́ kó já bọ́ sọ́nà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn onímọ̀ tó gbọ́n jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ti ń bá ìbéèrè náà gan-an jìjàkadì. Ẹni tó ti ń wo bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sórí tírélà láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun bí a ti ń bèèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bí mo ṣe tò ó fún Màmá.

Ara wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́ kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní antibody. Ìrísí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà bíi lẹ́tà Y: apá méjì lókè, ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀. Apá méjèèjì ni ó fi ń di ohun tó ń wá mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni àwọn jagunjagun ara yòókù fi ń dá a mọ̀. Antibody kan kì í di ohun gbogbo mú. Ohun kan ṣoṣo tí a dá a fún ni ó mọ̀. Ní 1975, Georges Köhler àti César Milstein rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe irú antibody kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ yanturu, wọ́n sì wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1984.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti lè yan ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fẹ́ fún àrùn tí wọ́n fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni trastuzumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998. Ohun tó ń wá ni HER2, èyí tó dà bí etí lára awọ sẹ́ẹ̀lì, tó ń gbọ́ àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ sí i. Nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún jẹjẹrẹ ọyàn, tàbí kó dín díẹ̀, etí yìí pọ̀ jù, àrùn náà a sì máa yára dàgbà. Irú ti Màmá nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi trastuzumab sínú àkọsílẹ̀ oògùn kòṣeémánìí ní 2015. Kò sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa pátápátá: àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Èkó gbé ìwádìí kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní ARETTA, tí wọ́n tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 2020, láti fún àwọn obìnrin ilẹ̀ wa tó ní irú àrùn yìí ní trastuzumab gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ. Atara Ntekim ti Ìbàdàn àti Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n trastuzumab lásán, ọkọ̀ tí kò kó ẹrù ni. Ó mọ ilé, ó ń dé ibẹ̀, ó sì ń dí ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, nínú àwọn kan, àrùn náà kì í kú tán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ronú pé kí ọkọ̀ náà máà máa lọ lófìfo.

Ẹrù tí wọ́n kọ́kọ́ rí gbé lé e wá láti ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Ní 1972, Kupchan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí ohun kan tí wọ́n pè ní maytansine nínú igi kékeré kan tí wọ́n mú wá láti Ethiópíà. Sẹ́ẹ̀lì a máa na àwọn okùn tín-ín-rín nínú ara rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ pín sí méjì. Maytansine kì í jẹ́ kí àwọn okùn náà dúró, sẹ́ẹ̀lì a sì kú. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó lè ṣe àrùn ní nǹkan kò jìnnà sí ìwọ̀n tó ń ṣe aláìsàn fúnra rẹ̀ léṣe. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Agbára kò wọ́n oògùn náà. Kò mọ ilé tó ń lọ ni.

Mo rántí pé Màmá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ èyí. Bí a bá fi etí lásán gbọ́ orúkọ Ewékorò, láìwá ìtàn ìtẹ̀dó lọ, ewé ni a gbọ́, korò sì ni a gbọ́. Màmá ní, "Ìlú tí à ń gbé nìyẹn. Ewé tó bá korò, àgbà kì í dà á nù. Ó ń wá ohun tí yóò fi gbé e mì ni."

Ohun tí wọ́n fi gbé e mì ni trastuzumab. Wọ́n ṣe irú-ọmọ maytansine kan tí wọ́n pè ní DM1, wọ́n so ó mọ́ trastuzumab, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejì 2013. Bí ọkọ̀ náà bá dé ẹnu ilé, tó di HER2 mú, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a gbé ọkọ̀ àti ẹrù mì pọ̀. Nínú lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ ti ń túká, májèlé a sì bọ́ sílẹ̀ láàárín ilé ọ̀tá.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ìbéèrè Màmá. Amino acid tí a so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ni antibody. Ọ̀kan nínú wọn ni lysine, trastuzumab sì ní 88 rẹ̀ káàkiri ara. Ọ̀nà tí wọ́n gbà so DM1 mọ́ ọn ni pé kí ó lẹ̀ mọ́ lysine èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ kàn. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in, 3.5 ni májèlé tó kan antibody kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìpín lásán nìyẹn. Nínú ìgò kan náà, òmíràn kò gbé ohunkóhun, òmíràn gbé méjì, òmíràn gbé tó mẹ́jọ. Ibi tí ẹrù wà lára wọn sì yàtọ̀ síra gan-an.

Màmá mi orí. Wọ́n ní, "Mo mọ irú wọn. Ọmọ ọkọ̀ tó jẹ́ pé irin tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ni yóò so okùn mọ́: òní, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn, ọ̀la, ó so ó mọ́ dígí."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọkọ̀ tí kò gbé ẹrù á lọ gba ẹnu ọ̀nà mọ́ èyí tó gbé e lọ́wọ́. Èyí tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, ara kì í pẹ́ kó tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí a so ẹrù mọ́ ní apá lè má lè di HER2 mú dáadáa mọ́. Èyí tí ẹrù rẹ̀ sì já bọ́ sọ́nà, ẹni ẹlẹ́ni ló máa pa lára.

Ní 2008, Junutula àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Genentech ní Califóníà ṣe ohun tí Màmá ìbá ní kí wọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: wọ́n pe wẹ́dà. Wọ́n yan ibì kan ṣoṣo lára antibody, níbi tí kò ní dí apá lọ́wọ́, wọ́n yọ amino acid kan kúrò níbẹ̀, wọ́n sì fi cysteine rọ́pò rẹ̀. Cysteine ní imí-ọjọ́ lára. Imí-ọjọ́ yìí ni ìkọ́. Níwọ̀n bí ìhà méjèèjì antibody ti bára mu, ìkọ́ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ẹrù bíi méjì ló sì ń gbé, ní ibì kan náà nígbà gbogbo. Lára àwọn ẹranko tí wọ́n fi dán an wò, ó bá àrùn jà bíi ti àtẹ̀yìnwá, ara wọn sì gbà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwádìí mìíràn tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà ní 2012 ló dáhùn ìbéèrè Màmá tààrà. Wọ́n fi ìkọ́ sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ibi tí omi ẹ̀jẹ̀ ti ráyè dé jù, okùn náà a máa tú, ẹrù a sì lọ lẹ̀ mọ́ purotéènì mìíràn tó ń kọjá lọ nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá albumin. Ní ibi tó fara pamọ́ díẹ̀, tí àyíká rẹ̀ sì bá okùn lára mu, okùn náà a yí padà débi pé kò ní lè tú mọ́. Okùn kan náà, ẹrù kan náà, ọkọ̀ kan náà: ibi tí wọ́n so ó mọ́ nìkan ló yàtọ̀.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan ń so ẹrù mọ́ ṣúgà tó wà ní ẹsẹ̀ antibody. Àwọn tó ṣe trastuzumab deruxtecan, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá 2019, kò fi ìkọ́ tuntun kankan sí i. Wọ́n tú ìdè mẹ́rin tí antibody fi so ara rẹ̀ pọ̀, ìkọ́ mẹ́jọ sì yọjú. Wọ́n kó ẹrù kún gbogbo rẹ̀, débi pé ọkọ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, lára àwọn tí àrùn wọn ti tàn káàkiri ara, ó dá àrùn náà dúró pẹ́ ju ti 2013 lọ.

Mo dúró níbẹ̀, nítorí mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Èwo ni tèmi nínú gbogbo rẹ̀?"

Mo sọ òótọ́ fún wọn pé ti àkọ́kọ́ ni: èyí tí wọ́n so ẹrù mọ́ irin tí ọwọ́ bá bà. Mo fi kún un pé okùn rẹ̀ le, kì í dédé já. Mo sì sọ ohun tí ìwádìí kan fi hàn ní 2018, lára àwọn aláìsàn 1,486 tí àjẹkù àrùn wà lára wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ gẹ́gẹ́ bíi ti Màmá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 88 nínú 100 àwọn tó gba ọkọ̀ ẹlẹ́rù ni àrùn kò padà bá. Nínú àwọn tó gba trastuzumab lásán, 77 ni. Mo sọ ewu rẹ̀ pẹ̀lú: ó lè dín èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe, wọn yóò sì máa yẹ ọkàn wò. Èyí tó ní ìkọ́ mẹ́jọ náà ní ewu tirẹ̀, pàápàá fún ẹ̀dọ̀fóró.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Tírélà méjì kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, "Ọkọ̀ tí wọn ò di ẹrù rẹ̀ dáadáa, tó sì ń dé ilé, ó sàn ju èyí tó dára tí n kò lówó rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé mo gbà."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni wọ́n ń gba oògùn náà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Màmá gba mọ́kànlá. Lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbà á ní ọjọ́ tó yẹ, Màmá fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ló dín kù ni?" Lẹ́yìn ìkọkànlá, owó ẹbí tán, àti ti Lọ́ńdọ̀n àti ti ilé. Trastuzumab lásán ni àwọn dókítà fi parí èyí tó kù. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, àyẹ̀wò kò rí àrùn náà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń yọ ayọ̀ àṣejù nínú wa. Gbogbo ìgbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni oorun ń dá lójú wa.

Èéṣe tí mo fi kó gbogbo èyí wá síbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ èdè? Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí: àwo àti awò. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni, àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àmì náà bá wà lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́, ohun tí a fi ń jẹun ni. Bí ó bá bọ́ sórí èkejì, ohun tí a fi ń ríran ni. A kò fi nǹkan kan kún un, a kò yọ nǹkan kan kúrò. Ibi tí a fi àmì sí ló yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn tó ń sọ fún wa pé àmì ohùn kò ṣe pàtàkì, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n kà, ohun tí ọmọ ọkọ̀ ń sọ ni wọ́n ń sọ: ibi tí ọwọ́ bá bà, kí a so ó mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún aláìsàn. Májèlé ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún Màmá nígbà àkọ́kọ́. Májèlé ni èmi náà sọ. Èmi kò dín in kù, n kò sì fi àdàpè bò ó. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí a so ó mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ wà, tí okùn wà, tí ìkọ́ wà, tí ilé tó ń lọ sì wà, májèlé di ẹrù tí ènìyàn lè bèèrè ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ èdè ti ṣe gudugudu méje. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ìṣègùn nílò irú rẹ̀, kì í sì í ṣe inú ọ́fíìsì nìkan ni a ti lè rí i kó jọ. Ní Ẹ̀gbá níbí, Abẹ́òkúta ni Ìwé Ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èdè wa ní 1859. Ilẹ̀ tó ti ń ka ìròyìn ayé ní Yorùbá láti ìgbà náà kò yẹ kó máa gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀ lórí ìdúró ní ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, bí jẹjẹrẹ ọyàn bá kan ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín, ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta dání lọ bá dókítà. Ṣé wọ́n ti yẹ HER2 wò? Oògùn tí wọ́n fẹ́ lò, ṣé ọkọ̀ òfìfo ni àbí èyí tó gbé ẹrù? Bí ẹrù náà bá já bọ́ sọ́nà, ibo ni yóò ti hàn lára, kí ni a ó sì fi mọ̀? Ẹ bèèrè rẹ̀ ní Yorùbá, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ láti gbọ́ èsì.

Ire o.